Òògùn Ẹ̀jẹ̀ àti Òògùn Jẹjẹrẹ Nínú Oṣù Ààwẹ̀



Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Allah, Ọba tó dá àìsàn tó sì dá ìwòsàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo àwọn tó tẹ̀lé wọn dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹgbẹ́ wa ti fi ìrọ̀lẹ́ òní lé àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ẹ ti gbọ́ wàásù lórí sàká àti lórí ìwà rere. Àwọn àáfà wa ti ṣe ìyẹn dáadáa, a ò sì ní gba iṣẹ́ wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Yàrá aláìsàn ni àwa mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ni ti àwọn èèyàn wa tó ń lo òògùn àrùn ẹ̀jẹ̀, òògùn jẹjẹrẹ, àti òògùn àwọn àrùn tó máa ń mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà. Wọ́n pọ̀ láàárín wa ju bí ẹ ti rò lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin kan tí a tọ́jú. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ ọsibítù. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n rí lára rẹ̀, irú èyí tí kì í yára, tó máa ń rọra pọ̀ sí i. Dókítà fún un ní òògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní imatinib, pé kó máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, lójoojúmọ́, láì fo ọjọ́ kan. Láàárín oṣù mélòó kan, ara rẹ̀ yá, inú rẹ̀ tó ti wú tẹ́lẹ̀ rọlẹ̀, ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí Ramadan dé, ó gbé òògùn náà sínú àpótí, ó gba ààwẹ̀ rẹ̀ pé. Kò sọ fún dókítà, kò sọ fún wa. Nígbà tó padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọdún Ìtúnu, àìsàn náà ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

A bi ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò rí i pé ìyàwó yín ò lo òògùn mọ́?" Ó ní, "Mo rí i kẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ pè é ní òògùn ẹ̀jẹ̀. Mo wò ó pé ara rẹ̀ ti dán, ẹ̀jẹ̀ ti pé lára rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí òògùn sinmi."

Ẹ ò rí nǹkan? Bàbá yẹn kò purọ́. Nínú èdè wa, òògùn ẹ̀jẹ̀ ni èyí tí aboyún ń mu kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀. Àwa la kò là á yé e pé èyí kì í ṣe òògùn tó ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀, pé òògùn tó ń lé ọ̀tá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni, àti pé ọ̀tá náà kì í sinmi nígbà tí òògùn bá sinmi. Ẹ̀bi àwa nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, a sì ti gbà á.

Èyí tó wá dùn wá jù ni pé òògùn tí obìnrin yìí gbé sápótí kò bá ààwẹ̀ rẹ̀ jà rárá. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni. Pẹ̀lú oúnjẹ àti ife omi ńlá ni wọ́n ní kó máa lò ó. Kí ni ìṣínu bí kò ṣe oúnjẹ àti omi? Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí ì bá bi dókítà lóṣù Ṣàbánì, wọn ì bá sì ti yí àsìkò rẹ̀ sí ìrọ̀lẹ́ fún un. Alihamudulilaahi, ó padà sórí òògùn, ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ tó bá rí àyè mí lè di èyí tí òògùn yẹn kò ní ràn mọ́.

Òògùn yìí náà kò sì pẹ́ láyé. Ọdún 2001 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2003 ni ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn Nàìjíríà ní òògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ètò ìrànlọ́wọ́ kan tó wá láti òkè òkun. Àwọn èèyàn ń ti òkè ọya àti ìlà oòrùn wọkọ̀ wá sí Ifẹ̀ nítorí rẹ̀. Ohun tí èèyàn fi odidi ọjọ́ kan rìnrìn àjò lọ gbà, kò yẹ kó sùn sínú àpótí.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí àwọn òògùn wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí ni kì í fi òògùn ṣeré. Mùdùnmúdùn inú eegun ni Ọlọ́hun fi ṣe ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń wá, èyí tó ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí símú káàkiri ara. Ibẹ̀ náà ni àwọn sójà funfun ti ń wá, tí ń bá kòkòrò àrùn jà, àti àwọn wẹ́wẹ́ kan tó máa ń dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa máa ṣàn ṣáá. Ọ̀pọ̀ òògùn jẹjẹrẹ tí a ń fi abẹ́rẹ́ tàbí omi dírípù fà sára máa ń pa ohunkóhun tó bá ń yára pọ̀. Jẹjẹrẹ ń yára pọ̀, ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn náà ń yára ṣiṣẹ́, awọ inú ẹnu náà ń yára tún ara rẹ̀ ṣe, irun náà ń yára hù. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń bó, tí àwọn sójà ara fi ń dínkù. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn òògùn náà, láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn tí aláìsàn gba òògùn ni àwọn sójà yìí máa ń kéré jù. Ara aláìsàn lè dà bí ẹni pé ó ti le nígbà yẹn, ó ti ń jẹun, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ilé kò ní ọdẹ.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a sọ lálẹ́ òní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí. Bí ara ẹni tó ń gba òògùn jẹjẹrẹ bá gbóná, tí tẹmómítà ka 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí òtútù ń mú un tó ń gbọ̀n, ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀, à báà wà láàárín òru, à báà wà nídìí sààrì. Ẹ má ṣe sọ pé ibà lásán ni. Ẹ má fún un ní paracetamol kẹ́ ẹ wá máa wò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, torí paracetamol á mú kí ara tutù, kòkòrò á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó dúró lórí ìlà bí ẹni tí orí ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni pé, "Òògùn jẹjẹrẹ ló ń gbà, ara rẹ̀ sì gbóná." Wákàtí díẹ̀ ló máa ń wà láàárín ẹni tó yè àti ẹni tí kò yè níbẹ̀. Tẹmómítà kì í ṣe ohun ọlọ́lá. Kẹ́mísì ń tà á. Kí ilé tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ àbẹ̀wò wá kù. Sunnah ni àbẹ̀wò aláìsàn, ẹ̀san rẹ̀ sì pọ̀, pàápàá jù lọ nínú oṣù yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Ẹgbẹ́ àdúà á kó èèyàn ogún wá, wọ́n á kún yàrá kékeré, gbogbo wọn á bọ aláìsàn lọ́wọ́, èyí tó ní ikọ́ á wúkọ́, èyí tí ọmọ rẹ̀ ní ikun nímú á gbé e jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. A kò ní kí ẹ má wá. Ẹ wá ní méjì-méjì, kí ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó wọlé, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá dúró sílé kó ṣe àdúà tirẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́hun tó ń gbọ́ ti inú yàrá ń gbọ́ ti ilé. Ìyá tàbí ọkọ aláìsàn ló yẹ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ èyí, kí ojú má sì tì í.

Omi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa mu, kí ẹ sè é kó hó. Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní hàntú, omi tí a ti sè ni kí ẹ fi fọ wàláà náà, kí ife sì mọ́. A ò rí àáfà kan tó sọ pé omi kànga tútù nìkan ni àdúà ń wọ̀. Ti pákò náà wà níbẹ̀. A mọ̀ pé a fẹ́ràn pákò nínú ààwẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn wẹ́wẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró bá kéré, orín líle á ya èrìgì, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde, kòkòrò á sì gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kó lò, kó sì máa fi omi oníyọ̀ díẹ̀ yọ ẹnu láìgbé e mì. Kí ẹnikẹ́ni má sín gbẹ́rẹ́ fún un o. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yára mẹ́nu ba àwọn òògùn mìíràn, nítorí olúkúlùkù ló ní ìwà tirẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ní fọ̀níkúfọ̀ladìde, àwọn tí a ń pè ní SS, púpọ̀ nínú wọn ń lo hydroxyurea nísinsìnyí. Ọdún 1998 ni wọ́n fọwọ́ sí i fún àrùn yìí ní Amẹ́ríkà. Kò sọ SS di AA, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ara tún máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí a ní nígbà tí a wà nínú oyún, èyí tí kì í tẹ̀ bí dòjé, ìrora eegun á sì dínkù. Ó tún lè dín àwọn sójà funfun kù, ìdí nìyí tí dókítà fi ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò léraléra. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba owó yín. Ẹni tó bá lóyún tàbí tó ń retí oyún kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Ti ààwẹ̀ wọn ńkọ́? Omi ni ọ̀rọ̀ wọn. Àìmu omi wà lára ohun tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn dì pọ̀ kí ìrora sì bẹ̀rẹ̀, pàápàá nínú ooru. A ti rí ọmọbìnrin kan ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mu omi nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́sàn-án Ramadan kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa rí i. Ẹ rò ó wò. Omi tí Ọlọ́hun fún un láyè láti mu ní gbangba, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti ń mu ún nítorí ẹnu wa.

Prednisolone ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí àwọn sójà ara rẹ̀ kọjú ìjà sí onílé, bí irú àìsàn tí wọ́n ń pè ní lupus. Ẹni tó bá ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ ti gbára lé e, torí ẹ̀yà ara tó ń ṣe irú rẹ̀ ti jókòó. Bí a bá já a lójijì, èèyàn lè dákú, ó sì lè kú. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù. Ó dára kí oúnjẹ wà nínú kí a tó lò ó, nítorí náà ó lè bá sààrì mu fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ó máa ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ga, nítorí bẹ́ẹ̀ ẹ bi dókítà.

Methotrexate, bí wọ́n bá fún èèyàn nítorí oríkèéríkèé tó ń wú, lọ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Lọ́sẹ̀! Kì í ṣe lójúmọ́. Àwọn kan ti lò ó lójoojúmọ́ káàkiri ayé, ó sì ti pa wọ́n. Kí ẹ mú ọjọ́ kan, bí ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí òògùn, kí àgbàlagbà kan nínú ilé máa bójú tó o.

Warfarin ni ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dì níbi tí kò yẹ. Oògùn eku ni wọ́n kọ́kọ́ tà á fún, ní 1948, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn ní 1954. Kí ẹ má torí ìyẹn sá fún un, ìwọ̀n ló ya oògùn sọ́tọ̀ sí májèlé. Ẹ̀fọ́ ewé tútù máa ń bá a fa okùn. A ò ní kí ẹ má jẹ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n bí ìyàwó ilé bá ń se ẹ̀fọ́ níwọ̀n-níwọ̀n tẹ́lẹ̀, kó má wá di pé àwo ńlá ní gbogbo ìṣínu nítorí Ramadan. Kó má lo àgbo pọ̀ mọ́ ọn, kó má sì lo Alábùkún, nítorí aspirin wà nínú rẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tí ìtọ̀ bá pọ́n, tàbí tí orí bá ń fọ́ ọ lójijì lọ́nà tí kò rí bẹ́ẹ̀ rí, ọsibítù.

Ó kù sí ti ẹ̀sìn, àwa kì í sì í ṣe àáfà, ṣùgbọ́n a bi àwọn àáfà wa kí a tó wá síwájú yín. Nínú Suratul Bakara, āyà 184 àti 185, Ọlọ́hun fún aláìsàn láyè kó jẹun, kó sì san ọjọ́ náà padà nígbà tí ara bá yá. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó lè san án padà láé, kó máa bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ti abẹ́rẹ́, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fiqh àgbáyé tó wà ní Jeddah ti sọ ọ́ ní 1997 pé abẹ́rẹ́ ìwòsàn tí kì í ṣe oúnjẹ fún ara kò já ààwẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sún ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ síwájú nítorí Ramadan. Ìwọ lèmọ́mù tó ń gbọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ la fi ń bẹ̀ ọ́: bí aláìsàn bá wá bi ọ́ léèrè, kọ́kọ́ bi í pé kí ni dókítà sọ. Ẹ̀yin ará ilé, tí ẹ bá rí ẹni tó ń jẹun lọ́sàn-án, ẹ má sọ̀rọ̀ sí i. Obìnrin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí sọ fún wa lẹ́yìn náà pé kì í ṣe Ọlọ́hun lòun bẹ̀rù, pé àwọn orogún òun ni.

Ẹni tó ń tọ́jú wọn nílé, ẹ ṣọ́ ara yín pẹ̀lú. Kí ẹ má já kápúsù òògùn jẹjẹrẹ tàbí hydroxyurea, kí ẹ má lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ. Kí aboyún má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá máa kó ìtọ̀ tàbí èébì aláìsàn láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta lẹ́yìn òògùn, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó sì fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn náà. Kí òògùn jìnnà sí ọmọdé, kó sì má wà lórí fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń pa á.

Lálẹ́ òní, lẹ́yìn Tarawihi, ẹ bá wa ṣí àpótí òògùn tó wà nílé yín. Ẹ wo orúkọ tó wà lára páálí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ẹni tó ń lò ó pé, "Kí ni èyí ń ṣe fún ọ? Ìgbà wo lo lò ó gbẹ̀yìn?" Èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò bá lè dáhùn, ẹ kó páálí rẹ̀ dání wá sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ yóò jókòó sápá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin lẹ́yìn ìrun. Tọkùnrin tobìnrin la máa dá lóhùn, a ò sì ní gba kọ́bọ̀.